Ìfura àti Ìfọkàntán: Bí Àwọn Ọkùnrin Tó Ń Fẹ́ Ọkùnrin Ṣe Ń Díwọ̀n Ewu Kòkòrò HIV

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983, ìwé pélébé kan jáde ní ìlú New York. Nǹkan bí ojú-ewé 40 ni. Ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn, Michael Callen àti Richard Berkowitz, ni wọ́n kọ ọ́. Dókítà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, Joseph Sonnabend, ni ó tọ́ wọn sọ́nà. Àkọlé ìwé náà kò fi ohunkóhun pamọ́: ó ní òun fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè máa ní ìbálòpọ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Ọdún méjì péré ṣáájú, ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní Los Angeles tí irú òtútù àyà kan, tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le, dá wólẹ̀. Nígbà tí ìwé yìí jáde, kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sì sí oògùn. Àwọn òǹkọ̀wé náà gan-an ṣi ohun tó ń fa àrùn náà mọ̀. Wọ́n rò pé àwọn àrùn ìbálòpọ̀ tó ń gorí ara wọn, tí ènìyàn ń kó léraléra, ni ó ń ba agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà jẹ́. Àṣìṣe ni. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò ní àṣìṣe nínú: kí ọkùnrin má ṣe jẹ́ kí àtọ̀ ẹlòmíràn wọ inú ara rẹ̀, kí wọ́n sì máa lo kọ́ńdọ̀mù.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìgbádùn ara ti fọ́ irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lójú, pé wọn kì í ro ewu rárá. Ìtàn ogójì ọdún ó lé díẹ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Wọ́n ń ro ewu, wọ́n ń díwọ̀n rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n sì ti ṣe é kí àwọn dókítà tó ṣe é. Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tí kò sì lè mọ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkejì, nǹkan mìíràn ni yóò fi rọ́pò ìmọ̀: ojú, ìwà, iye ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ìfẹ́. Iṣẹ́ yìí yẹ ìfura àti ìfọkàntán wò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n ewu. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Yúróòpù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwádìí ti pọ̀ jù. A ó wá bọ̀ sí Nàìjíríà, níbi tí òfin ti sọ wíwá ìmọ̀ gan-an di ewu.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa orúkọ. Ọ̀rọ̀ èébú kan wà tí àwọn Yorùbá máa ń lò fún ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọkùnrin. Ìṣe inú yàrá ni ó fi ń sọ ènìyàn lórúkọ, ó sì ti dá ẹjọ́ kí ó tó ṣàlàyé. A kò ní lò ó níhìn-ín. A ó máa sọ pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àti ọkùnrin tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń fi orúkọ kẹta kún un, èyí tó tọ́ka sí ìṣe nìkan: ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní aya nílé, tó sì ń bá ọkùnrin lò pọ̀ níta, ni kò ka ara rẹ̀ kún ẹgbẹ́ kankan; nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tí kọ́ńdọ̀mù nìkan wà

Oṣù Kẹta ọdún 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ fún kòkòrò HIV. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé gbogbo ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn yóò sáré lọ ṣe é. Ọ̀pọ̀ wọn kò lọ. Kò sí oògùn tí dókítà yóò fún ẹni tí wọ́n bá rí kòkòrò náà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èsì náà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè gba ilé, ó sì lè mú kí iléeṣẹ́ adójútòfò kọ̀ ọ́. Láti kọ àyẹ̀wò nígbà náà kì í ṣe òpè. Ìdíwọ̀n ewu ni òun náà.

Òfin tí wọ́n wá ń tẹ̀ lé kò nílò àyẹ̀wò: kọ́ńdọ̀mù pẹ̀lú gbogbo ènìyàn, ní gbogbo ìgbà. Agbára òfin yìí wà nínú pé kò béèrè ìmọ̀, kò sì béèrè ìfọkàntán. Ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo ènìyàn ní kòkòrò náà, ó sì parí síbẹ̀. Fún ẹni tó ń pàdé àlejò, òfin náà dára. Ṣùgbọ́n fún àwọn méjì tí wọ́n ń gbé pọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ohun tí kọ́ńdọ̀mù ń sọ lórí ibùsùn ní alaalẹ́ ni pé, "N kò mọ̀ ọ́." Bópẹ́ bóyá, ẹnìkan yóò fẹ́ fi ìfẹ́ rẹ̀ hàn, yóò sì pa á tì.

Ní Sydney ni àwọn olùwádìí ti kọ́kọ́ wo ìpatì yìí láìbínú. Susan Kippax àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní ọdún 1993. Wọ́n rí i pé àwọn kan tí kò lo kọ́ńdọ̀mù mọ́ nílé kì í ṣe aláìbìkítà. Wọ́n ti jọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ti sọ èsì fún ara wọn, wọ́n sì ti ṣe àdéhùn nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níta: yálà kí ẹnikẹ́ni má jáde, tàbí kí ẹni tó bá jáde lo kọ́ńdọ̀mù níbẹ̀. Orúkọ tí Kippax fún un ni a lè pè ní ààbò àdéhùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní 1996, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ AIDS ní ìpínlẹ̀ New South Wales sọ ọ́ di ìkéde fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbé e kalẹ̀: sọ̀rọ̀, ṣàyẹ̀wò, tún un ṣe, fọkàn tán.

Ẹ kíyè sí ìtò àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìfọkàntán ni ó kẹ́yìn. Àyẹ̀wò méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà lè ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ kejì kí wọ́n má rí nǹkan kan. Ó ní láti dúró, kí ó tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó sì wà níwájú pátápátá. Lójú tèmi, kò sí ìkéde ìlera kan lórí àrùn yìí tó bọ̀wọ̀ fún làákàyè ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní ó ń fún àwọn ọkùnrin láyè láti tan ara wọn jẹ. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Apá ibi tí àdéhùn náà ti lè fọ́ ni ibi tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ẹni tó bá rú u níta ní láti lè padà wálé kí ó sọ ọ́, ẹni tó wà nílé sì ní láti lè gbọ́ ọ láìlé e jáde.

Ewu tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí a mọ̀

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì hàn nínú ìṣirò méjì. Ní ọdún 2003, Maria Xiridou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Amsterdam. Èsì wọn ni pé ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àkóràn tuntun ni ó ń wá láti ọ̀dọ̀ olólùfẹ́ tí wọ́n jọ wà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n pàdé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní ọdún 2009, Patrick Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ìlú márùn-ún ní Amẹ́ríkà, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti wọn. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Pẹ̀lú àlejò, ìfura ń ṣiṣẹ́, kọ́ńdọ̀mù ń jáde. Pẹ̀lú ẹni tí a fẹ́ràn, ìbálòpọ̀ pọ̀ sí i, ààbò sì dín kù.

Yorùbá ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Òwe náà fẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu, àmọ́ ó yẹ kí a ṣọ́ra fún un, nítorí pé ọ̀dàlẹ̀ ni a sábà máa ń pa á mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ilé wọ̀nyí, kò sí ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó kó o ran ẹnìkejì kò mọ̀ pé òun ní in.

Àwọn ọkùnrin náà tún ní ọgbọ́n mìíràn yàtọ̀ sí àdéhùn. Àwọn kan ń yan ẹni tí èsì àyẹ̀wò rẹ̀ bá tiwọn mu: ẹni tí kò ní pẹ̀lú ẹni tí kò ní, ẹni tó ní pẹ̀lú ẹni tó ní. Àwọn mìíràn ń wo ipò tí oníkálukú yóò wà, kí ẹni tó ní kòkòrò náà jẹ́ ẹni tó ń gbà, kí ẹni tí kò ní jẹ́ ẹni tó ń ṣe. Àwọn dókítà kò kọ́ wọn ní èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ó ní ìpìlẹ̀. Bí ènìyàn bá bá ẹni tó ní kòkòrò náà, tí kò sì lo oògùn, ní ìbálòpọ̀ gba ihò ìdí láìsí kọ́ńdọ̀mù, ìgbà 138 nínú 10,000 ni ẹni tó ń gbà lè kó o. Fún ẹni tó ń ṣe, ìgbà 11 ni. Fún obìnrin nínú ìbálòpọ̀ ojú ara, ìgbà 8 ni. A ó padà sí òǹkà ìkẹyìn yìí nígbà tí a bá dé Nàìjíríà.

Àbùkù ọgbọ́n yìí ni pé ẹni tó sọ pé òun kò ní in, ohun tó mọ̀ ni ohun tí àyẹ̀wò rẹ̀ tó kẹ́yìn sọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọ ara ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìgbà náà gan-an ni àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Ẹni tó léwu jù lọ ni ẹni tó lè búra tọkàntọkàn pé òun mọ́.

Àbùkù kejì kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń díwọ̀n. Gregorio Millett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti ọdún 2006 lórí àwọn ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin dúdú kò ṣe ohun tó léwu ju àwọn funfun lọ. Síbẹ̀, ní ọdún 2016, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà kéde pé bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú méjì irú èyí ni yóò kó HIV kí ó tó kú. Ti àwọn funfun jẹ́ ọ̀kan nínú mọ́kànlá. Odò tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ni kò dọ́gba: àwọn tí kòkòrò wà lára wọn pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n ń fẹ́, oògùn àti adójútòfò sì ṣọ̀wọ́n fún wọn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń pariwo nípa ọkùnrin dúdú tó ń fẹ́ tọkùnrin tobìnrin ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni pé ìwà ẹ̀tàn rẹ̀ ni àrùn náà. Ariwo náà mú kí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ túbọ̀ sá pamọ́. Kò sì mú ẹnikẹ́ni wá ṣe àyẹ̀wò.

Nígbà tí oògùn yí òṣùwọ̀n padà

Ní oṣù Keje ọdún 1996, níbi ìpàdé àgbáyé lórí AIDS ní Vancouver, ni ó ti hàn kedere pé àpapọ̀ oògùn mẹ́ta lè dá kòkòrò náà dúró. Ó gba ọdún púpọ̀ kí a tó mọ ohun kejì tí oògùn náà ń ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2008, àwọn dókítà kan ní Swítsàlandì, Pietro Vernazza wà lára wọn, kéde pé ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ dáadáa, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń lò pọ̀. Wọ́n bínú sí wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, Alison Rodger ti University College London àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí PARTNER jáde nípa 782 ọkùnrin-méjì-méjì tí ọ̀kan ní kòkòrò náà tí ìkejì kò ní, ní orílẹ̀-èdè 14 ní Yúróòpù. Láàárín wọn, ìbálòpọ̀ 76,088 wáyé láìsí kọ́ńdọ̀mù. Ọkùnrin 15 kó HIV lásìkò náà. Nígbà tí wọ́n yẹ ìran kòkòrò náà wò, kò sí ẹyọ kan tó wá láti ara ẹni tí wọ́n jọ wà.

Ohun tí èyí ṣe sí ìfura pọ̀. Láti 1985 ni ẹni tí àyẹ̀wò ti rí kòkòrò lára rẹ̀ ti jẹ́ ẹni tí a ń sá fún. Ní báyìí, bí ó bá ń lo oògùn rẹ̀, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dájú jù, nítorí pé dókítà ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ẹni tó ní òun kò ní in, tí kò sì lọ fún àyẹ̀wò láti ọdún tó kọjá, ni ó yẹ kí a máa bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin mọ èyí lórí, àmọ́ ara wọn kò tíì gbà á.

Oògùn tún dé fún ẹni tí kò ní kòkòrò náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní PrEP ni. Ìwádìí iPrEx, tí èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2010, lo ènìyàn 2,499 ní Perú, Ecuador, Bràsíl, Amẹ́ríkà, Táílàndì àti Gúúsù Áfíríkà. Ó dín àkóràn kù ní ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye náà kéré nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn kò gbé e mì. Lára àwọn tí oògùn hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ààbò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Keje ọdún 2012. Nínú ìwádìí PROUD tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin 544 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dín àkóràn kù ní ìdá 86. Irú iye bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí ní Faransé àti Kánádà fún àwọn tó lò ó nígbà ìbálòpọ̀ nìkan: oògùn méjì láàárín wákàtí 24 sí 2 ṣáájú, ọ̀kan ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan ní ọjọ́ kẹta.

Èébú kò pẹ́ dé, láti inú ẹgbẹ́ wọn gan-an. Wọ́n ní oníranù ni ẹni tó bá ń lò ó. Òótọ́ ni pé oògùn náà kì í dènà àtọ̀sí àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé oògùn mì lọ́sàn-án nítorí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ti ronú ju ọ̀pọ̀ lọ́kọláya lọ.

Ọ̀rọ̀ tó dúró nígbà tí ìmọ̀ rìn

Báwo ni a ṣe lè sọ nǹkan wọ̀nyí fún ẹni tó ń fi Yorùbá ronú? Ibi tí ó kan ìmọ̀ èdè nìyí. Orúkọ tó gbajúmọ̀ jù fún àìsàn yìí láàárín wa ni àrùn kògbóògùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Lónìí, kòkòrò náà ń gbọ́ oògùn; kò kàn jáde lára tán ni. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún pé ó ní àrùn kògbóògùn, tí ó sì gbé oògùn lé e lọ́wọ́ nínú gbólóhùn kan náà, ti gbọ́ ohun méjì tó ń tako ara wọn, orúkọ àrùn ni yóò sì rántí.

Ìṣòro kejì farasin ju ìyẹn lọ. Kókó ìkéde tí Bruce Richman bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016 ni pé kòkòrò tí àyẹ̀wò kò rí, kì í ràn. Ní Yorùbá, ó dùn ún pè bí a bá ní àìrí ni àìràn. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí ni gbogbo ìwé ìlera wa ń pe irú kòkòrò tó ń fa àrùn láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá wá sọ pé a kò rí i mọ́, olùgbọ́ lè béèrè pé ìgbà wo ni a ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Àìrí nínú èdè wa kì í túmọ̀ sí àìsí agbára. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì. Mo rò pé ó sàn kí a máa sọ pé oògùn ti ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, kò lè jáde lọ bá ẹlòmíràn. Ìyẹn gùn, àmọ́ kò ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Nàìjíríà: ewu méjì lórí òṣùwọ̀n kan

Àwọn ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ rí HIV lára ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní ọdún 2007, ìdá 17.2 ní ọdún 2010, àti ìdá 22.9 ní ọdún 2014. Lára àwọn àgbàlagbà lápapọ̀, ìwádìí ńlá ti ọdún 2018 rí ìdá 1.4.

Ọ̀kan nínú ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni ìkìlọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí AIDS ti di ọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1986, ọkùnrin àti obìnrin ni ó wà lára pátákó ìkéde, òun ni ó wà lórí rédíò àti nínú eré. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ara obìnrin ni àrùn náà ti ń wá, pé ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí òǹkà 138 àti 8. Ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa, tó sì fi làákàyè lò ó, ibi tí ewu ti pọ̀ jù ni yóò sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti ohun yíyọ̀ tí wọ́n ń fi sí kọ́ńdọ̀mù: èyí tí kò ní òróró nínú ni kì í ba rọ́bà jẹ́, ṣùgbọ́n Vaseline àti ìpara ni ó wà nílé gbogbo ènìyàn, ìwọ̀nyẹn sì máa ń mú kí kọ́ńdọ̀mù ya.

Òfin wá gbé ewu kejì lé ti àkọ́kọ́. Òfin ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ ti ka ìbálòpọ̀ yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tẹ́lẹ̀. Èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 nà án dé orí ìpàdé àti ìrànlọ́wọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó wà nínú rẹ̀, tàbí tó tì í lẹ́yìn. Ní ọdún kan náà, ní oṣù Kọkànlá, Ààrẹ kan náà fọwọ́ sí òfin mìíràn tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan ẹni tó ní HIV nípọ̀sì. Ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ọkùnrin tó sì ní kòkòrò náà wà lábẹ́ òfin méjèèjì: ọ̀kan ní kí ó jáde wá gba ìtọ́jú, èkejì ní kí ó má ṣe sọ bí ó ṣe kó o.

A mọ díẹ̀ nípa ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní TRUST ti bẹ̀rẹ̀ ní Abuja láti ọdún 2013, kí ó tó dé Èkó. Orúkọ náà, tó túmọ̀ sí ìfọkàntán, bá ọ̀rọ̀ wa mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe lè mọ̀ lọ. Sheree Schwartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun tí àwọn ọkùnrin náà sọ ṣáájú òfin wé èyí tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀; èsì wọn jáde ní ọdún 2015. Àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ sí ilé ìwòsàn pọ̀ sí i, àwọn tó ń yẹra fún un náà sì pọ̀ sí i.

Lójú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kòkòrò HIV jẹ́ ewu ọdún mẹ́wàá. Kí àṣírí tú jẹ́ ewu alẹ́ òní. Kọ́ńdọ̀mù àti ohun yíyọ̀ nínú àpò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, kí ó sì di ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní orúkọ fún ewu kejì yìí láàárín ara wọn, kítò: kí ènìyàn díbọ́n bí olólùfẹ́ lórí fóònù, kí ó pe ọkùnrin wá sí ibì kan, kí wọ́n lù ú, kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn yóò sọ fún bàbá rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ènìyàn má pàdé ẹni tí ọ̀rẹ́ kan kò fọwọ́ sọ̀yà fún. Ọgbọ́n náà dára fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó gbé wọn lọ: agbo kékeré, tí gbogbo ènìyàn ti mọra, tí ìfọkàntán ti gba ipò àyẹ̀wò. Ìfura sí agbófinró àti gbájúẹ̀ ni ó ń tì wọ́n sínú irú ìfọkàntán tí Amsterdam ti kọ́ wa pé àkóràn ń gbé. Kò sí olùwádìí tí mo mọ̀ tó ti wọn èyí ní Èkó. Mo kàn rí i pé ọ̀nà méjèèjì pàdé ni.

Ọkùnrin tó ní aya nílé ní ìṣirò tirẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù pẹ̀lú ìyàwó jẹ́ ìjẹ́wọ́; bí ó bá mú un jáde lẹ́yìn ọmọ méjì, ìyàwó yóò béèrè. Nítorí náà, níta ni ó ti lè lò ó, bí ó bá lò ó rárá. Àyẹ̀wò náà, ìyàwó ni ó ń bá a ṣe é. Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún wò fún HIV, bí wọ́n bá sì sọ fún obìnrin náà pé kò sí nǹkan kan, ọkọ yóò mí kanlẹ̀, yóò gbà pé òun náà bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà lè wà lára ọ̀kan fún ọdún púpọ̀ kí ó má tíì dé ara èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó kò lè jẹ́rìí fún ti ọkọ.

PrEP ti wọ Nàìjíríà, àmọ́ inú ìgò ni ó wà, ìgò náà sì jọ ti oògùn ẹni tó ti ní HIV. Ẹni tó bá rí i nínú yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kò ní béèrè èyí tí ó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ lenacapavir fi yẹ ní kíkíyèsí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gún un. Nínú ìwádìí PURPOSE 2, tí èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2024, ènìyàn 2 péré ni ó kó HIV nínú 2,179 tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ náà; ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Kò sí ìgò tí ìyá tàbí aya lè rí lábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gún fún ara rẹ̀ nílé: ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò jókòó síwájú nọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nọ́ọ̀sì náà yóò sì bi í pé kí ló dé tó fi rò pé òun nílò rẹ̀.